Ilé ọ̀gbìn ẹ̀yìnkùlé: ṣé irú èyí tí wọ́n fi ń dènà òtútù ní Kánádà lè wúlò ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Olùkọ́ Àgbà, Ògbómọ̀ṣọ́

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọ̀gbìn. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá ní apá méjì, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọbìnrin mi àgbà ń gbé ní Winnipeg, ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Ní oṣù Okúdù tó kọjá, òun àti ọkọ rẹ̀ fi páìpù àti ọ̀rá tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá kọ́ ilé ọ̀gbìn, èyí tí wọ́n ń pè ní greenhouse, sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Ilé náà gùn ní mítà 6, ó sì fẹ̀ ní mítà 4. Ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ata rodo tí wọ́n gbìn sínú rẹ̀ ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń fi àwòrán wọn ránṣẹ́ sí mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù Ọ̀wàrà dé ìdajì, òtútù òru ọjọ́ kan ṣoṣo pa gbogbo ewédú náà. Ó ní ṣe ni ewé wọn dúdú, tí wọ́n sì rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀. Ó wá ń béèrè lọ́wọ́ mi, èmi tí mo ti ń dáko ẹ̀yìnkùlé láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ohun tí òun lè ṣe tí ilé náà yóò fi gbé ewédú la ìgbà òtútù já. Èmi kò gbé ibi tí omi ti ń dì lórí ilẹ̀ rí, n kò sì fẹ́ fún un ní ìmọ̀ràn tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Apá kejì kan èmi fúnra mi. Lọ́dọọdún ni mò ń gbin tòmátì, lọ́dọọdún náà sì ni òjò ń bà á jẹ́. Bí ó bá ti di oṣù Okúdù, ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í ní àmì dúdú láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, èso á máa jẹrà lórí igi, àwọn igi mìíràn á sì kàn rọ lójijì ní ọ̀sán gangan, wọn kò ní jí mọ́. Àsìkò yẹn gan-an ni tòmátì tí wọ́n ń kó wá láti Òkè-Ọya máa ń tán lọ, tí owó rẹ̀ ń lé sí i ní ọjà Jagùn. Mo rò ó pé bí mo bá kọ́ irú ilé ọmọ mi, tí mo fi ọ̀rá bò ó láti òkè dé ilẹ̀, òjò kò ní rí tòmátì mi fọwọ́ kàn mọ́. Káfíńtà kan ti sọ fún mi pé ọjọ́ mẹ́ta ni òun yóò fi parí rẹ̀. Kí n tó ná owó, mo fẹ́ gbọ́ láti ẹnu àwọn tí ó ti ṣe é rí.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ọ̀yọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì jẹ́ kí káfíńtà náà ri igi kankan mọ́lẹ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí ni èmi ṣe ní ẹ̀yìn ilé wa ní Ọ̀yọ́, ní apá ọ̀nà Ìsẹ́yìn, ní oṣù Èrèlé ọdún 2021, èso igi tòmátì 60 ni mo sì pàdánù.

Mo fi ọ̀rá bo gbogbo rẹ̀ yí ká, mo fi ẹnu ọ̀nà kékeré kan sílẹ̀, inú mi sì dùn nítorí pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìdàgbàsókè àwọn igi náà yára ju ti èyí tí ó wà ní ìta lọ. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tanná ni mo rí ọ̀ràn. Bí aago 11 òwúrọ̀ bá ti lù, n kì í lè dúró nínú ilé náà ju ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Mo yá òǹwọn ooru tí ẹnìkan tí ó ń sin adìẹ ládùúgbò wa ń lò, mo gbé e kọ́ àárín ilé náà ní aago 1 ọ̀sán: 48°C ni ó kà, nígbà tí ìta, lábẹ́ ibòji igi máńgòrò, jẹ́ 35°C. Gbogbo òdòdó ni ó ré dànù. Igi kò kú o, ó tutù yọ̀yọ̀, ó ga, ṣùgbọ́n kò sí èso kankan lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ọ̀gbìn ṣàlàyé fún mi pé bí ooru ọ̀sán bá ti ń kọjá nǹkan bí 35°C lemọ́lemọ́, lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó tòmátì máa ń kú, kò sì ní lè di èso. Bí òru náà bá móoru jù, bákan náà ni.

Bàbá, ohun tí ọmọ yín ń wá ni ilé tí ooru kò ní lè jáde nínú rẹ̀. Ohun tí àwa ń wá ni ilé tí òjò kò ní lè wọ̀, ṣùgbọ́n tí ooru yóò máa jáde nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Àwòrán lè jọra, iṣẹ́ wọn kò jọra rárá.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo ká gbogbo ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ kúrò, mo sì fi nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé, irú èyí tí wọ́n ń tà ní yáàdì yáàdì, rọ́pò rẹ̀. Òkè nìkan ni mo fi ọ̀rá sílẹ̀ sí. Mo gbé òrùlé náà ga sí i, ó di mítà 3 ní àárín, mo sì jẹ́ kí apá kan òrùlé ga ju ìkejì lọ kí àlàfo gígùn kan lè wà láàárín wọn tí afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò máa gbà jáde, nítorí òkè ni afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń lọ. Láti ìgbà náà, ooru inú rẹ̀ kì í fi ju nǹkan bí 2°C tàbí 3°C lọ ju ti ìta, mo sì ti ń ká tòmátì nínú òjò. Ní oṣù Ẹrẹ́nà tí oòrùn máa ń mú jù, mo máa ń ta àwọ̀n dúdú tí ń fúnni ní ibòji sí abẹ́ ọ̀rá náà ní ọ̀sán. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, eruku a máa bo òkè rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kò fi ní wọlé tó, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ máa fi omi àti aṣọ rírọ̀ fọ̀ ọ́.

Nípa ti ọmọ yín, n kò lè sọ ohunkóhun. Ẹni tí ó ti gbé ibẹ̀ ni kí ó dáhùn.

Ọmọ Ìjerù, Ògbómọ̀ṣọ́

Bàbá, ẹ kú àbójútó ọmọ. Mo gbé ní Manitoba, ìpínlẹ̀ tí Winnipeg jẹ́ olú ìlú rẹ̀, fún ọdún 11 kí n tó padà wálé, mo sì kọ́ ilé ọ̀gbìn méjì sí ẹ̀yìnkùlé mi níbẹ̀. Òótọ́ ni ohun tí Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ sọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé apá tí ó kan ọmọ yín.

Ní ọ̀sán, ìmọ́lẹ̀ oòrùn á gba inú ọ̀rá wọlé, á mú ilẹ̀ àti ewé gbóná, ilẹ̀ náà á sì mú afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí rẹ̀ gbóná. Ní ìta gbangba, afẹ́fẹ́ yìí á gbéra lọ sókè, tútù á sì rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rá ni kò jẹ́ kí ó lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn bá wọ̀, kò sí ohun tí ó ń mú ilé náà gbóná mọ́, ọ̀rá ẹyọ kan sì tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí ooru fi ń jò gba inú rẹ̀ jáde títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní òru tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, mo ti wọ̀n ọ́n lọ́pọ̀ ìgbà pé inú ilé náà kì í fi ju 2°C tàbí 3°C lọ ju ìta. Ní agbègbè yẹn, yìnyín a máa já sórí ewé láti ìparí oṣù Owéwè. Bí ewédú ọmọ yín bá wà láàyè títí di ìdajì oṣù Ọ̀wàrà, ilé náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó ti bá a ra bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ó má ṣe rò pé òun ni ó ṣe àṣìṣe.

Àwọn ohun tí ó ràn mí lọ́wọ́ nìyí. Èkínní, mo fi ọ̀rá kejì sí abẹ́ ti àkọ́kọ́, mo fi àlàfo bí ìka mẹ́rin sí àárín wọn, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó bá dúró jẹ́ẹ́ sí àárín ọ̀rá méjì ni ó ń dènà òtútù, bí ìgbà tí ènìyàn bá wọ ẹ̀wù méjì. Èyí dín ooru tí ń jò jáde kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, mo to dúrọ́ọ̀mù olómi tí mo kùn ní dúdú sí ẹ̀gbẹ́ àríwá. Omi máa ń gba ooru púpọ̀ sínú, ó sì máa ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù 200 lítà kan tí ó bá fi 10°C tutù láàárín òru yóò ti tú ooru sílẹ̀ tí ó tó èyí tí ẹ̀rọ amúléegbóná oní-wáàtì 1000 ń tú fún wákàtí méjì lé díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ àríwá yẹn gan-an kò nílò ọ̀rá, nítorí pé gúúsù ni oòrùn máa ń wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù, ó sì máa ń wà nísàlẹ̀. Pákó àti fóòmù líle ni mo fi dí i. Àwọn ará àríwá Ṣáínà tilẹ̀ máa ń mọ ògiri amọ̀ tí ó nípọn sí ẹ̀gbẹ́ náà kí ó lè gba ooru oòrùn lọ́sàn-án, wọ́n á sì tẹ́ ẹní koríko sórí ọ̀rá lálẹ́, wọ́n á ká a kúrò ní òwúrọ̀. Òrùlé rẹ̀ gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kí yìnyín lè máa yọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí ìwúwo yìnyín ni ó wó ilé mi àkọ́kọ́.

Síbẹ̀, n kò ní tan Bàbá jẹ. Òtútù ibẹ̀ a máa lọ sílẹ̀ dé -30°C nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, kò sì sí ọ̀rá méjì tàbí omi inú dúrọ́ọ̀mù tí ó lè gba ewédú lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí iná tí ń jó tọ̀sántòru, owó iná náà yóò sì ju owó ewédú lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Òtútù nìkan kọ́ ni ọ̀tá. Ní oṣù Ọ̀pẹ, wákàtí 8 péré ni ojúmọmọ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ewéko kì í sì dàgbà mọ́ bí ojúmọmọ bá ti dín sí nǹkan bí wákàtí 10, kódà bí ara wọn bá móoru. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níhìn-ín, ojúmọmọ wa kì í dín sí wákàtí 11 àti ààbọ̀ láéláé, ìdí nìyẹn tí a kì í fi ronú nípa ìmọ́lẹ̀ rárá.

Ìmọ̀ràn mi fún un ni pé kí ó gbin irúgbìn ewédú sínú ife lẹ́bàá fèrèsé nínú ilé gbígbé wọn ní ìparí oṣù Igbe, kí ó tú u lọ gbìn sínú ilé ọ̀gbìn ní ìparí oṣù Èbìbí, kí ó ká a títí oṣù Owéwè, kí ó sì gbẹ èyí tí ó bá ṣẹ́kù tàbí kí ó fi í sínú fíríìsà. Láti oṣù Ògún ni kí ó ti gbin àwọn ẹ̀fọ́ òyìnbó tí ara wọn gba òtútù, irú spinach àti kale, kí wọ́n lè dàgbà tán kí ojúmọmọ tó kúrú. Wọn yóò dúró síbẹ̀ bí ẹ̀fọ́ inú àká, yóò máa ká wọn títí tí Bélú yóò fi wọlé, bóyá ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá fi aṣọ fúlẹ́fúlẹ́ bò wọ́n nínú ilé náà. Ẹ̀fọ́ rírò ni kí ó fi kale yẹn sè, pẹ̀lú irú àti epo pupa. Ìyàwó mi kò sè é lọ́nà mìíràn.

Olùkọ́ Àgbà, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka ìdáhùn yín sí ọmọ mi létí lórí fóònù, ó sì ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, pàápàá fún ọ̀rọ̀ pé kì í ṣe òun ni ó ṣe àṣìṣe, nítorí ó ti ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ní tèmi, mo gbà pé òrùlé ọ̀rá àti ẹ̀gbẹ́ nẹ́ẹ̀tì ni ó yẹ mí. Ohun tí ó kù tí mo fẹ́ mọ̀ ni irú igi tí ikán kò ní jẹ, àti bí n ó ṣe ṣe é tí ìjì kò fi ní gbé e lọ. Ìjì ọdún tó kọjá ṣí páànù ilé méjì ládùúgbò wa.

Oníṣẹ́ Igi Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Bàbá, ọparun ni ó rọjú jù, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rì í mọ́lẹ̀. Ọparun tí a bá rì mọ́lẹ̀ lásán kì í sábà lo ọdún méjì kí ó tó jẹrà tàbí kí ikán jẹ ẹ́. Àwọn kan a máa fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò kun ẹsẹ̀ rẹ̀, n kò sì fara mọ́ ọn níbi tí a ó ti gbin ohun jíjẹ, nítorí ọ́ìlì náà yóò wọ inú ilẹ̀. Páìpù irin kúkúrú ni kí ẹ fi kọ́ńkéré rì sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ẹ jẹ́ kí ó yọrí sókè ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ sì fi wáyà àti bóòtì de ọparun mọ́ ọn láìjẹ́ kí ó kan ilẹ̀. Ọparun tí ó ti gbó ni kí ẹ gé, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú odò tàbí kòtò omi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí adùn inú rẹ̀ lè jáde, adùn yẹn ni kòkòrò tí ń lu ọparun ń wá.

Ní ti ìjì, ẹ ó ṣàkíyèsí pé ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ti oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe, láti ìlà-oòrùn ni ó sábà máa ń jà wá. Ẹ jẹ́ kí orí ilé náà, níbi tí ó ti kúrú, kọjú sí ìlà-oòrùn, kí ìjì má baà rí ẹ̀gbẹ́ gígùn gbá. Ní ìlú òtútù, nítorí oòrùn ni wọ́n ṣe ń wo ibi tí ilé ọ̀gbìn kọjú sí, ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ wa, orí wa gan-an ni oòrùn ń gbà kọjá, ìjì ni kí a wò.

Ọ̀rá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣòfò owó. Ọ̀rá funfun lásán tí a fi ń bo ọjà kì í ju oṣù díẹ̀ lọ nínú oòrùn kí ó tó máa fọ́ wẹ́wẹ́ bí ewé gbígbẹ. Èyí tí wọ́n ṣe fún ilé ọ̀gbìn, tí wọ́n po oògùn ìdènà ìtànṣán oòrùn mọ́, tí ó nípọn ní 200 máíkírọ́ọ̀nù, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún mílímítà, a máa lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ bá ara yín ṣírò rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rá náà kan páìpù ike tààrà, nítorí ike náà a máa mú kí ibi tí ó ti kàn án tètè gbó. Ẹ fi aṣọ funfun wé páìpù náà. Ẹ má sì kàn án ní ìṣó lásán, nítorí ojú ìṣó ni ìjì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fà á ya. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi kí ẹ tó kan ìṣó gba orí pákó náà.

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ dára, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìbéèrè Bàbá tí kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Ẹ ní àwọn igi kan máa ń rọ lójijì ní ọ̀sán, tí wọn kì í jí mọ́. Òjò kọ́ ni ó ń ṣe èyí, òrùlé kò sì ní wò ó. Ẹ gé ìtì igi tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ní ìsàlẹ̀, kí ẹ ki ojú ibi tí ẹ gé bọ inú ife omi tí ó mọ́, kí ẹ má sì mì ín. Bí ohun funfun bí omi wàrà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde láti ojú rẹ̀ bí okùn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú ilẹ̀ ni, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí oògùn tí ẹ lè fín tí yóò pa á. Bí ẹ bá kọ́ ilé sórí ilẹ̀ yẹn, ẹ ti kọ́lé fún àrùn.

Bí ó bá jẹ́ òun ni, ẹ gbin tòmátì yín sínú àpò tí ẹ bu ilẹ̀ tuntun sí, láti ibi tí a kò gbin tòmátì, ata, ìgbá tàbí ọ̀dùnkún òyìnbó (Irish potato) sí rí, kí ẹ po ìgbẹ́ ẹran tí ó ti jẹrà dáadáa mọ́ ọn, kí ẹ sì gbé àpò náà sórí búlọ́ọ̀kù kí ó má kan ilẹ̀. Omi tí ó bá ṣàn láti ara ilẹ̀ àtijọ́ kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tí Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ lò yóò dí labalábá kékeré tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta lọ́wọ́, èyí tí ó ba oko tòmátì jẹ́ ní Kaduna àti àwọn ìpínlẹ̀ Òkè-Ọya mìíràn ní ọdún 2016 tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Kaduna fi kéde ọ̀rọ̀ pàjáwìrì lórí tòmátì. Kò ní dí eṣinṣin funfun kéékèèké tí ń gbé àrùn ewé kíká kiri lọ́wọ́, nítorí ara wọn kéré ju ojú rẹ̀ lọ. Nẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ há ju bẹ́ẹ̀ lọ wà, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé tó. Bí ó bá jẹ́ èmi, ti fèrèsé ni n ó lò, n ó sì máa yẹ abẹ́ ewé wò láràárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe lo àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn tí wọ́n ń pín fún àwọn ènìyàn láti fi sùn. Ti àwọn ọmọdé àti aboyún ni.

Níwọ̀n ìgbà tí nẹ́ẹ̀tì kò ní jẹ́ kí oyin wọlé, tí ẹ̀fúùfù náà yóò sì dín kù, ẹ máa fi ọwọ́ gbọn okùn tí ẹ fi so igi sókè ní àárín òwúrọ̀, nígbà tí ìrì bá ti gbẹ, kí lẹ́búlẹ́bú òdòdó lè dà sílẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pọ̀ jù fún un.

Olùkọ́ Àgbà, Ògbómọ̀ṣọ́

Mo ṣe ìdánwò inú ife náà lánàá pẹ̀lú igi kan tí ó rọ. Ohun funfun náà jáde kí n tó ka ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó dùn mí pé ọdún mélòó kan ni mo ti fi ń bú òjò.

Inú àpò ni n ó gbìn ín sí, igi 30 péré fún ọdún àkọ́kọ́. Mo fẹ́ fi gọ́tà tí yóò máa gba omi òjò sí etí òrùlé, nítorí mo ṣírò rẹ̀ pé òrùlé mítà 6 sí mítà 4 yóò fún mi ní omi 480 lítà bí òjò mílímítà 20 bá rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí igi kọ̀ọ̀kan bá sì ń mu lítà kan àti ààbọ̀ lóòjọ́, èyí yóò tó mi lò fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Káfíńtà náà ń bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, yáàdì nẹ́ẹ̀tì mélòó ni kí n rà?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ọ̀yọ́

Bàbá, mítà 20 ni ilé yín yí ká, èyí sì jẹ́ yáàdì 22. Bí nẹ́ẹ̀tì náà kò bá fẹ̀ tó gíga ẹ̀gbẹ́ ilé, ẹ ra ìlọ́po méjì rẹ̀ kí ẹ rán wọn pọ̀ ní òró, kí ẹ sì fi yáàdì mẹ́fà lé e fún ẹnu ọ̀nà, nítorí aṣọ méjì ni ó yẹ kí ó bo ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ tún jẹ́ kí ó gùn ju ògiri lọ díẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ lè fi iyẹ̀pẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.